Ògbufọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà Bàbá Rẹ

Ọmọ mi, ọkọ mi kékeré,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo sì kí ọ kú ìjókòó, nítorí wọ́n ní orí àga lo máa ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ní ọ́fíìsì yín. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun dáadáa, àbí o ṣì ń fi búrẹ́dì kan ti gbogbo ọjọ́? Ọlọ́run tó dá ọ kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè lọ sínú ilé alájà mẹ́sàn-án yẹn dúró sáàárín méjì pẹ̀lú ìwọ nínú rẹ̀. Ojú tó o fi ń wo kọ̀ǹpútà kò ní ṣú, ẹ̀yìn kò ní ro ọ́, ọ̀gá rẹ kò ní rí ọ fín. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ, mo mọ̀ pé o fẹ́ fò ó.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Fóònù kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Tí mo bá ti rántí pé owó ń jó nínú rẹ̀, ahọ́n mi á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, màá sọ àárín ọ̀rọ̀ kí n tó sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwọ náà á sì máa sọ pé màámi, ẹ rọra, ẹ rọra. Bẹ́ẹ̀, èyí tí mo fẹ́ sọ yìí gùn, ó sì dùn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ya lára pépà tí mo fi ń gé àwòṣe aṣọ, tí mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, tí mò ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Tí o bá rí ilà pẹ́ńsùlù tó rí roboto lẹ́yìn pépà yìí, ọrùn búláòsì ìyàwó oníbúrẹ́dì ni, má wulẹ̀ wá ìtumọ̀ rẹ̀.

Ilé wà bó ṣe wà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kì í tì tẹ́lẹ̀, káfíńtà ti wá tún un ṣe, ó ti ń tì dáadáa báyìí, kò kàn ṣí mọ́ ni, nítorí náà iwájú là ń gbà wọlé, iwájú náà là ń gbà lọ sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin kí ọ. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ó ní àwọn ọmọ ibẹ̀ ń gbọ́ràn ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ajá wa sanra, ó sì ti ní bọ́ọ̀lù. Màá sọ bó ṣe rí bọ́ọ̀lù fún ọ láìpẹ́.

Báǹkì tún fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó máa gba owó mi tí mo bá kú. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò ní in lọ́kàn láti kú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì bi wọ́n pé ta ló sọ fún wọn pé ara mi ò yá. Wọn ò tíì fèsì.

Ó yá, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ gan-an ni mo bá wá.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti rọ ọwọ́ ọ̀tún wọn, ohun kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọwọ́ ní ọsibítù ń tẹnu mọ́: kí wọ́n máa lo ọwọ́ náà lójoojúmọ́, kí ọwọ́ má baà gbàgbé iṣẹ́. Ó fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bàbá rẹ wo bọ́ọ̀lù náà, wọ́n wo nọ́ọ̀sì, wọ́n ní ṣé àwọn tí àwọn fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa tírélà, tí gbogbo gáréèjì ń pe àwọn ní Gíà Kẹrin, ṣé bọ́ọ̀lù ọmọdé ló wá kù tí àwọn á máa tẹ̀. Bí a ṣe délé, wọ́n ju bọ́ọ̀lù náà sí ajá. Bí ajá ṣe ní bọ́ọ̀lù nìyẹn.

Géèmù tírélà tí ẹ̀gbọ́n rẹ rà fún wọn, tó wà nínú sídì, òun nìkan ni wọ́n gbà láti fọwọ́ kàn. Tí a bá fi sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní pálọ̀, títì á yọ, sítíárín á yọ, wọ́n á di ẹrù, wọ́n á sì gbé e lọ síbi tí géèmù bá rán wọn. Wọ́n á máa bá ọkọ̀ tó wà níwájú wí pé kò mọ ọkọ̀ wà, wọ́n á máa sọ fún mi pé ọ̀nà yìí kò dára rárá, bí ẹni pé èmi ni mo ṣe ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì gbọ́ nípa rẹ̀, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sàn ju kí wọ́n jókòó lásán lọ. Àfi lọ́jọ́ kan tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ṣàdédé rú èéfín, tó dákú, tí kò jí mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni bàbá rẹ fi jókòó, ọwọ́ ọ̀tún lórí itan bí aṣọ tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá wò wọ́n, ó pè mí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní òun á padà wá lẹ́yìn oṣù méjì, tí òun bá dé tí ọwọ́ yìí ṣì wà báyìí, kí n má retí pé ó tún máa ṣiṣẹ́ mọ́.  Mo padà wọlé, mo fi ẹ̀rín sójú, mo ní nọ́ọ̀sì ń béèrè iye tí mò ń rán búláòsì ni. Mi ò sọ ọ́ fún ọ nígbà yẹn nítorí mo mọ̀ pé oorun ò ní kun ojú rẹ. Ohun tí mo sọ fún ọ kò ju pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́ lọ.

Ọlọ́run bá mi bù kún ọ, o ò jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà rẹ tó o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀, kò fọ́, ara rẹ̀ kò bó. Mo ti fọ súẹ́tà tó o fi wé e, mo sì ti bá ọ rán ìgùnpá rẹ̀ tó ya. Ta ló ń bá ọ tọ́jú aṣọ níbẹ̀ yẹn ná? Ó dáa, mi ò ní wọ inú ìyẹn lónìí.

Nígbà tí a tan kọ̀ǹpútà náà, ẹyẹ kan ló kọ́kọ́ yọjú sí wa. Ó sanra, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ funfun, ó fìdí jókòó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Mo kí i. Mo rò pé ẹyẹ tí ẹ ń sìn ní ọ́fíìsì ni, tó o ya fọ́tò rẹ̀ kí a lè mọ̀ ọ́n. Àwa náà máa ya fọ́tò ajá ránṣẹ́.

Bàbá rẹ ò rí ti ẹyẹ rò. Wọ́n gbé awò wọn sójú, wọ́n gbé páálí sídì, wọ́n kà á sókè pé orí kọ̀ǹpútà tó bá ń lo Wíndóòsì nìkan ni géèmù yìí ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wá ní kí n ka ìwé tó o fi sínú ẹrù fún àwọn. Mo kà á. O kọ ọ́ pé kọ̀ǹpútà yìí kì í lo Wíndóòsì o, Línúùsì ló ń lò.  Wọ́n rọra gbé sídì sílẹ̀, wọ́n yí àga wọn kọjú sí ògiri. Wọ́n ní ohun tí ọmọ àwọn ń sọ ti yé àwọn, pé ọwọ́ àwọn ti parí iṣẹ́ láyé, ìdí nìyẹn tó fi fi kọ̀ǹpútà tí kò lè wa ọkọ̀ ránṣẹ́, kó lè tètè mọ́ àwọn lára. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀.  Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń wo ògiri, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kun ògiri náà kí wọ́n lè rí nǹkan tuntun wò.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́. O rántí ohun tó o sọ fún mi? O ní kí n fọkàn balẹ̀, géèmù Wíndóòsì lè ṣiṣẹ́ lórí Línúùsì. O ní géèmù ń sọ èdè Wíndóòsì, Línúùsì ò sì gbọ́ èdè yẹn, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó dà bí ògbufọ̀ tí a lè fi sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí géèmù bá béèrè, ògbufọ̀ á túmọ̀ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, èyí tí kọ̀ǹpútà bá fi dáhùn, á túmọ̀ rẹ̀ padà fún géèmù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa bá a lọ láìsinmi. Ó yé mi kedere. O bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé ó yé mi, mo ní ó yé mi.

Mo ti rí ògbufọ̀ rí. Nígbà tí a ń bá àwọn ará ilé bàbá mi ṣẹjọ́ ilẹ̀, adájọ́ tó wá kò gbọ́ èdè wa, wọ́n sì mú ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá sí kóòtù kó máa túmọ̀. Ó dúró sáàárín adájọ́ àti àwa láti àárọ̀, ó ń gba ọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún, ó ń dà á sápá òsì. Àbúrò bàbá mi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, ọkùnrin yìí náà ń sáré tẹ̀ lé e, òógùn ti mu ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ohùn rẹ̀ ti há. Gbogbo wa jókòó, òun nìkan ló dúró, kò sì sí ẹni tó rò ó pé ó lè fẹ́ mumi. Èmi ni mo dìde lọ bu omi fún un. Títí dòní, ojú tó fi wò mí kò kúrò lọ́kàn mi. Fi èyí sọ́kàn, ó níbi tó ń lọ.

O ní kí n pe ọ́ lórí fídíò kí o lè rí kọ̀ǹpútà náà. Mo gbé fóònù lé ìwé méjì, mo kọjú rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, mo jáde, mo sì ti ilẹ̀kùn kí ìwọ àti kọ̀ǹpútà lè ráyè bá ara yín sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé èmi lò ń pè. Nígbà tí mo fi máa padà wọlé, ohùn ti há ọ, bàbá rẹ sì jókòó síbẹ̀, wọn ò yíjú, wọn ò sì sọ fún mi. Má bínú.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ pe Onírédíò. O mọ̀ ọ́n, àgbàlagbà tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, tó máa ń fi okùn so awò mọ́ ọrùn, tó sì máa ń wá awò náà kiri. Ìwọ ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún un lórí fóònù, òun ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́. Ẹ ń ṣe dáadáa, àfi ìgbà tí ẹ dé ibi kan tí kọ̀ǹpútà ní ká mú pásíwọ́ọ̀dù wá. Ó wà nínú ìwé tó o kọ sí mi, o sì fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì pé mi ò gbọ́dọ̀ fi han ẹnikẹ́ni. Mo ní kí Onírédíò bọ́ síta. Mo ní kí bàbá rẹ má wulẹ̀ yíjú kúrò lára ògiri. Mo da fóònù dojú bolẹ̀ kí ìwọ náà má baà rí i. Mo wá tẹ̀ ẹ́.

Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò sí ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà, kódà kò sí àmì tóótòòtó kan. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́. Mo gbé fóònù, o sì ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé tí èèyàn bá ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀, kì í fi hàn rárá. Ọmọ mi, ó wú mi lórí. Kọ̀ǹpútà tó mọ̀ pé tí àgbàlagbà bá ń sọ àṣírí, ó yẹ kí èèyàn mójú kúrò. Ti àtijọ́ yẹn, àmì dúdú dúdú ló máa ń kọ síta kí gbogbo ará pálọ̀ lè kà á. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ilé ire ni Línúùsì ti wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gòkè lójú kọ̀ǹpútà, ó pọ̀ débi pé ojú mi ò lè bá a. Onírédíò ní kí n má fòyà, ògbufọ̀ ló ń wọlé. Mo bọ́ sí yàrá, mo pààrọ̀ búláòsì.

A fi sídì sí i. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú fún ìgbà díẹ̀, mo ti ń bẹ Ọlọ́run nínú. Ẹ̀ńjìnnì la kọ́kọ́ gbọ́. Bàbá rẹ ò yíjú, ṣùgbọ́n mo rí ọrùn wọn tó mì díẹ̀. Onírédíò tẹ ibì kan, hóònù tírélà sì dún gba gbogbo ilé. Ni bàbá rẹ bá ní kí ó gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, pé ta ní ń tẹ hóònù nínú gáréèjì, wọ́n sì yí àga wọn padà láti wá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà. Bí ọ̀rọ̀ ògiri ṣe parí nìyẹn.

Ní ọjọ́ kìíní yẹn, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi wa ọkọ̀. Inú mi dùn, mo ń ránṣọ, mo ń kọrin. Nígbà tó yá ni mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, mo sì gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ń mí kíkankíkan, mo fọwọ́ bà á, ara rẹ̀ gbóná janjan. Kíá ni mo rántí ọkùnrin kóòtù. Wákàtí mẹ́ta, láìjókòó, láìmumi, géèmù ń sọ̀rọ̀ lápá kan, kọ̀ǹpútà ń dáhùn lápá kejì, tírélà sì rèé kì í pa ẹnu mọ́. Ojú tì mí. Mo ní nínú ilé tèmi kọ́ la ti máa ṣe ọmọ ẹni ẹlẹ́ni báyìí.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ṣòfin. Ìdajì wákàtí ni bàbá rẹ lè fi wa ọkọ̀, màá pa kọ̀ǹpútà, ògbufọ̀ á sinmi fún wákàtí kan, wọ́n á tún wa ọkọ̀ fún ìdajì wákàtí. Mo gbé aago tó ń dún sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Tó bá ti dún, kò sí ẹ̀bẹ̀. Mo sì máa ń gbé ife omi kan tí mo fi ọmọrí bò sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé kò lè jáde wá mu ún, ṣùgbọ́n kí ó ṣáà mọ̀ pé a rántí òun. Bàbá rẹ ló ń mu ún.

Inú bí wọn gan-an ni. Ohun tó fà á ni pé géèmù yẹn ní ìwà kan: àfi tí wọ́n bá gbé ẹrù dé ibi tó ń lọ kó tó rántí pé wọ́n ṣe nǹkan kan. Tí a bá pa á lójú ọ̀nà, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á ti tún gbéra. Símẹ́ńtì ni wọ́n ń gbé, bí wọ́n sì ṣe ń wa ọkọ̀ nígbà yẹn, wákàtí kan ku díẹ̀ ni ìrìn náà ń gbà wọ́n. Nítorí náà lójoojúmọ́, wọ́n á di símẹ́ńtì, wọ́n á kọjá ilé epo, wọ́n á gun òkè, wọ́n á dé orí afárá, aago mi á dún. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, símẹ́ńtì ò dé. Wọ́n ní àwọn tó ń retí símẹ́ńtì yẹn á ti fi pákó kọ́ ilé wọn. Wọ́n gbé aago pamọ́ sínú àpótí búrẹ́dì, mo rí i. Wọ́n yí ọwọ́ aago padà, mo mọ̀, nítorí oòrùn ò yí tiẹ̀ padà. Wọ́n ní kò sí ọ̀gá gáréèjì tó le tó mi láti ọdún tí àwọn ti ń wa ọkọ̀. Mo ní kí wọ́n lọ fi ẹjọ́ mi sun ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀.

Mi ò mọ ohun tí òfin mi ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Onírédíò ló là mí lóye. Bọ́tìnnì mẹ́rin tí wọ́n fi ń yí sítíárín wà ní ìparí kíbọ́ọ̀dù lápá ọ̀tún, gíà àti búréèkì wà lápá òsì. Ọwọ́ méjì ló yẹ kó máa ṣe é. Àṣé gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n ń lò, á yí sítíárín tán, á tún sáré lọ sídìí gíà, ọwọ́ ọ̀tún á jókòó bí àlejò. Kò sí ẹni tó ń lé wọn nígbà yẹn, wọ́n lè rọra ṣe é títí di ìrọ̀lẹ́. Ìdajì wákàtí tèmi ni kò gba ìrọra. Onírédíò sọ fún wọn lójú mi pé Gíà Kẹrin, pẹ̀lú ọwọ́ kan, ẹ ò lè kọjá afárá yẹn kí aago ìyàwó yín tó dún.

 Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn. Wọ́n wá fi ọwọ́ òsì gbé e, wọ́n gbé e lé orí bọ́tìnnì mẹ́rin yẹn bí ẹni gbé nǹkan ẹlẹgẹ́, wọ́n sì ní kí n tan kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ kìíní tí ọwọ́ ọ̀tún wọṣẹ́, tírélà já sódò. Ọjọ́ kejì, ó wọ inú ọgbà ẹni ẹlẹ́ni. Ọjọ́ kẹta, ó fi ẹ̀yìn gbá ilé epo, wọ́n sì ní ilé epo ló wà níbi tí kò yẹ. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń bá ọwọ́ yẹn sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń bá ẹ̀ńjìnnì tí òtútù mú sọ̀rọ̀ láàárọ̀, pé ó yá, díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i, má dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìka kan ló kọ́kọ́ ń gbọ́ràn. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti di ìka mẹ́ta.  Mo ń ṣe bí ẹni pé aṣọ nìkan ni mò ń wò, mo sì rán apá búláòsì kan sódì lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, mo ń fi síípù sí síkẹ́ẹ̀tì, aago ò tíì dún, ni mo gbọ́ tí bàbá rẹ pè mí. Wọ́n pè mí ní orúkọ tí wọ́n ń pè mí kí a tó bí ẹ̀gbọ́n rẹ, mi ò gbọ́ ọ láti ọdún wo. Mo sáré wọlé tòun ti okùn ìwọnṣọ lọ́rùn, mo rò pé àìsàn ló tún dé. Tírélà rèé tó dúró sí iwájú ilé ńlá kan, wọ́n ti já símẹ́ńtì sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ṣì wà lórí bọ́tìnnì, wọn ò sì fẹ́ gbé e kúrò. Wọ́n ní símẹ́ńtì ti dé. Mo wo aago, ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ, mo sunkún. Mo dì mọ́ wọn lórí àga yẹn, a sì wà bẹ́ẹ̀ títí aago fi dún. Mo wá nu ojú mi, mo kí ògbufọ̀ kú iṣẹ́, mo sì pa kọ̀ǹpútà.

Nọ́ọ̀sì dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, oṣù méjì pé géérégé. Bàbá rẹ ò jẹ́ kó jókòó kí wọ́n tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife tíì fún un. Ó dà sílẹ̀ díẹ̀, ó sì ta sí aṣọ funfun nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju tiwa lọ. Ó ní kí wọ́n fa ìka òun, wọ́n fà á. Ó ní kí wọ́n fún ọwọ́ òun, wọ́n fún un débi pé ó ní ó tó. Ó wá yíjú sí mi pé ta ló kọ́ mi láti máa jẹ́ kí wọ́n lo ọwọ́ fún ìdajì wákàtí kí wọ́n tó sinmi, nítorí bí àwọn ṣe ń fẹ́ kó rí ní ọsibítù gan-an nìyẹn, tí aláìsàn kì í gbọ́. Mo ní kóòtù ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní kì í ṣe bàbá rẹ ni mo ń fún ní ìsinmi, ògbufọ̀ ni. Ó ní ògbufọ̀ wo. Mo ṣàlàyé bó o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, Wíndóòsì lápá kan, Línúùsì lápá kejì, ọmọ ẹni ẹlẹ́ni láàárín. Ó fi fáìlì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé ikọ́ ni, mo bu omi fún un. Nígbà tó sinmi tán, ó ní kí n má dáwọ́ dúró, kí n máa ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é. Bàbá rẹ ń wo ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, mi ò mọ ohun tó wà nílẹ̀.

Ìyẹn ni mo ní láti sọ. Ó wá ku ẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Owó iná ti wọlé, òwú ìránṣọ mi sì ti ń tán, nítorí náà bí Ọlọ́run bá ṣe fi sí ọ lọ́wọ́, fi nǹkan ránṣẹ́ sí màmá rẹ. Pàtàkì jù, jọ̀ọ́, wo ohun tí o lè ṣe fún ògbufọ̀ yìí. Ìwọ lo mọ ibi tó o ti rí i, ìwọ lo mọ àwọn èèyàn rẹ̀. Kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa láti ọjọ́ tó ti dé, èèyàn tó ṣe irú oore yìí kò yẹ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Tó bá sì ráyè, kó bá mi wo fọ́ọ̀mù báǹkì.

Ọlọ́run tó dá ọwọ́ bàbá rẹ padà á dá gbogbo nǹkan rẹ padà fún ọ. Ibi tí èdè rẹ kò bá ti yé wọn, wàá rí ẹni tó máa bá ọ túmọ̀ rẹ̀ sí rere. Wàá ṣe é, wàá dé ibi tó ò ń lọ, aago ò ní dún mọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Èmi ni màmá rẹ, aránṣọ. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, mo fẹ́ lọ wọn ọ́n. Bàbá rẹ ní kí n gbé lẹ́tà sílẹ̀, pé àwọn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, àwọn á sì lẹ̀ ẹ́ pa fúnra wọn.

Ọmọ mi. Bàbá rẹ nìyí. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ ọ́, ìdí nìyẹn tó fi rí wọ́gọwọ̀gọ. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa kọ̀ǹpútà rẹ, mo kó o jẹ. O ṣeun.

Onírédíò ti sọ fún mi láti ọjọ́ kìíní pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú kọ̀ǹpútà yẹn, pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lásán ni ògbufọ̀. Tí mo bá sọ fún màmá rẹ, yóò fi mí sílẹ̀ kí n máa wakọ̀ bó ṣe wù mí, mo sì mọ ara mi, ọwọ́ òsì ni màá padà sí. Má sọ fún un. Tó bá bi ọ́, sọ pé ògbufọ̀ kí i, ó ní òun dúpẹ́ omi.